Iná MAINT REQD kò kú lẹ́yìn sáfíìsì Corolla, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́_Àpáta, Sátidé, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà, tọ́kunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí iná kan ti ń tàn níwájú mi, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò bíi pupa inú ẹyin adìẹ, wọ́n kọ MAINT REQD sí i, ìyẹn ni pé ó tó àkókò ìtọ́jú mọ́tò. Láàárọ̀ yìí ni mo gbé mọ́tò lọ fún sáfíìsì. Ojú mi ni wọ́n ṣe é. Wọ́n fa ọ́ìlì dúdú jáde, wọ́n pààrọ̀ fílítà, wọ́n fọn eruku kúrò lára fílítà afẹ́fẹ́, wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i. Mo sanwó, mo kọrí sílé. Kí n tó dé Àpáta, mo wo iwájú mi, iná náà ṣì ń tàn.

Mo pe mẹkáníìkì. Ó ní kí n má dá a lóhùn, pé bí mọ́tò Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo tún pè é, ó ní kí n gbé e lọ bá rewáyà kan, pé ìyẹn á fi kọ̀ǹpútà pa á, kí n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà dání. Ọ̀la lẹ́yìn ìsìn ni mò ń lọ Ìlọrin pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjì. Ṣé ewu wà níbẹ̀ tí mo bá fi iná yẹn rìn? Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè fi pa á fúnra mi? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Awakọ̀_Ìkòròdú, 6:20

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, mà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ orí bátìrì kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ dá a padà. Iná á kú. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn.

Rewáyà_Mushin, 6:34

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, ẹ má bínú, ìyẹn kọ́. Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe láti bí ọdún mẹ́rìnlá. Mo ti rí àwọn tó yọ bátìrì títí tí orí rẹ̀ fi jẹ, iná MAINT REQD ò mira. Ẹ wò ó báyìí: tí ẹ bá yọ bátìrì lálẹ́, ṣé iye máìlì tó wà lójú mọ́tò máa ń di òdo tí ilẹ̀ bá mọ́? Kì í di òdo. Inú páànẹ́ẹ̀lì kan náà ni ìṣirò iná yìí wà, kò nílò bátìrì kó tó rántí ibi tó kà dé.

Ohun tí yíyọ bátìrì máa gbà lọ́wọ́ yín ni aago, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ẹ ti tò síbẹ̀, àti ohun tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ti kọ́ nípa bí mọ́tò ṣe ń mí tó bá dúró lójú kan. Mọ́tò mìíràn á máa gbọ̀n fúngbà díẹ̀ kó tó tún ara rẹ̀ mọ̀. Rédíò mìíràn á tiẹ̀ tì pa, á máa béèrè nọ́ńbà àṣírí tí ẹni tó ta mọ́tò fún yín gan-an ò mọ̀.

Iná Check Engine ni yíyọ bátìrì lè pa, òun náà á sì padà wá bí ohun tó ń ṣe mọ́tò bá ṣì wà níbẹ̀.

Awakọ̀_Ìkòròdú, 6:41

Ẹ ṣeun. Ẹ ti rán mi létí, Check Engine ló tàn lójú tèmi lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Mo gbà. Mà, ẹ má yọ bátìrì o.

ỌmọGate, 6:58

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mẹkáníìkì ni mí ní Gate, n'Ìbàdàn níbí, Toyota ni mò ń ṣe jù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ iná yẹn nìkan ni, ẹ lè fi dé Ìlọrin kí ẹ padà, kò ní ṣe mọ́tò ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi owó yín jẹun.

Iná yẹn kò rí ọ́ìlì. Kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì dúdú, kò mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Kíkà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń ka máìlì láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á kẹ́yìn. Tó bá kù díẹ̀ kó pé máìlì 5,000, á máa ṣẹ́jú fúngbà díẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá ti pé, á tàn, kò ní kú mọ́. Ọ́ìlì tó dára jù lọ láyé ni kí ẹ dà sí i, kò ní mọ̀, àfi kí èèyàn sọ fún un pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹni tó ṣe sáfíìsì ló yẹ kó ti ṣe é kó tó gbowó, ẹ má bínú sí wa, gbogbo wa kọ́ la rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé, lórí Corolla 2003 sí 2008. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Ọ̀pá kékeré kan yọ síta níbi aago tó ń fi eré hàn, òun ni ẹ fi ń yí ODO àti TRIP (TRIP A tàbí B ni máìlì ìrìnàjò kan péré). Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí tí ODO á fi hàn, ìyẹn gbogbo máìlì tí mọ́tò ti rìn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ẹ wá pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ tẹ ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ yín má kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà sí ON. Ọwọ́ ò ní kúrò o. Ẹ ó rí àwọn ìlà kéékèèké tí á máa pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà òdo mẹ́fà á hàn, iná á sì kú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò.

Olùkọ́_Àpáta, 7:25

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, kò kú. Mo tẹ ọ̀pá, mo yí kọ́kọ́rọ́, rédíò tàn, mo dúró títí ọwọ́ fi ń ro mí. Kò sí ìlà kankan tó hàn.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀ṣogbo, 7:31

Mà, wọn ò sọ ọ́ pé fún yín ni. TRIP A ló yẹ kẹ́ ẹ fi sí, kì í ṣe ODO. Corolla 2014 ni tèmi, ìgbà tí mo fi sí ODO kò dáhùn, ìgbà tí mo fi sí TRIP A ló kú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀.

ỌmọGate, 7:36

Sístà Ọ̀ṣogbo, ẹ jàre lórí tiyín. 2014 nìyẹn, TRIP A ni. 2005 ni ti màámi yìí, ODO ni. Ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn máa bára wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, oníkálukú ń sọ ti mọ́tò tirẹ̀, wọ́n rò pé Toyota kan ni gbogbo Toyota. Ẹni tí kò bá dá èwo ni tirẹ̀ mọ̀, kó gbìyànjú ODO, bí kò bá dáhùn, kó gbìyànjú TRIP A. Kò lè ba nǹkan kan jẹ́. TRIP B nìkan ni kì í dáhùn lórí èyíkéyìí tí mo ti fọwọ́ kàn.

Mà, ẹ ní rédíò tàn. Ṣé àwọn iná yòókù tàn pẹ̀lú, bíi ti bátìrì, ọ́ìlì, Check Engine? Bí rédíò nìkan ló tàn, ACC lẹ dúró sí. Ó ku ìgbésẹ̀ kan. Ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́ síwájú sí i títí gbogbo iná ojú mọ́tò á fi tàn, ẹ má wá kọjá ibẹ̀.

Olùkọ́_Àpáta, 7:49

Ó ti kú o! Ó ti kú! ACC ni mo dúró sí lóòótọ́. Gbàrà tí mo yí i síwájú díẹ̀ ni àwọn ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá bí ẹ ṣe wí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí nígbà tí 000000 hàn. Mo rò pé mo ti pa gbogbo máìlì mọ́tò rẹ́, àyà mi já. Nígbà tí mo tẹ ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí i pé 131,402 ṣì wà níbẹ̀. Mo fi èyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, kí àyà rẹ̀ má bàa já bíi tèmi. Òdo yẹn kì í ṣe ti máìlì mọ́tò.

Ẹlẹ́rọ_Àkúrẹ́, 8:05

Ẹ kú oríire, mà. Ẹ dúró díẹ̀, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Káàdì sáfíìsì tí mẹkáníìkì so mọ́ mọ́tò yín, iye wo ló kọ pé kí ẹ tún padà wá?

Olùkọ́_Àpáta, 8:09

136,400 ló kọ. Ó ní ọ́ìlì yìí, kìlómítà 5,000 ló máa rìn.

Ẹlẹ́rọ_Àkúrẹ́, 8:22

Mo mọ̀ ọ́n. Mọ́tò Amẹ́ríkà ni tiyín, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ó fi 5,000 kún 131,400 bíi pé kìlómítà ni, máìlì 5,000 ló sì fún yín, ìyẹn ju kìlómítà 8,000 lọ. Bó bá jẹ́ pé kìlómítà 5,000 ló ní lọ́kàn lóòótọ́, máìlì 3,107 péré nìyẹn. Nǹkan bí 134,500 ló yẹ kó wà lórí káàdì yẹn. Mo ti rí àṣìṣe yìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ gan-an, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n, nítorí nọ́ńbà náà dà bíi pé ó tọ̀nà. Ẹ wo ojú aago eré yín. Bí MPH bá tóbi jù, máìlì ni. Bí km/h bá tóbi jù, kìlómítà ni.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: máìlì 5,000 tí iná yẹn ń kà, wọ́n ṣe é fún ẹni tó ń rìn geere lójú títì tó dán. Ẹni tó ń ti Ojúẹlẹ́gba lọ Victoria Island lójoojúmọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fi wákàtí méjì yí nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, kó má tíì rin máìlì mẹ́wàá. Ọ́ìlì ti jó fún wákàtí méjì, iná ka máìlì mẹ́wàá péré. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún ará Èkó pé kí wọ́n má dúró de iná.

Àgbà_Dẹ́rẹ́bà, 8:40

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wa mọ́tò láàárín Ìbàdàn sí Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, láyé tí kò sí iná kankan tó ń ránni létí nǹkan. Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí mọ́tò mi, ibẹ̀ ni mo ń kọ ọjọ́ àti iye tí mọ́tò ti rìn sí. Kìlómítà 3,000, mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì kan péré ni mo sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbésí ayé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀rù ohun tí ẹ kọ́ ara yín lónìí ń bà mí díẹ̀. Ó dára kí èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń pa iná náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n, ó lè máa pa á ṣáá láì ṣe sáfíìsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀. Iná á tàn, kò sówó lọ́wọ́, á pa á, á ní oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ di ọdún kan. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ibẹ̀ ti ki bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Mọ́tò náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, sáfíìsì ni kó ṣáájú, pípa iná ni kó tẹ̀ lé e.

ỌmọGate, 8:52

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un: kìlómítà 3,000 yẹn, ti ọ́ìlì àtijọ́ ni. Ọ́ìlì àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní synthetic máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Toyota tuntun tó ń lo ọ́ìlì 0W-20, máìlì 10,000 tàbí ọdún kan ni ìwé wọn ní l'Ámẹ́ríkà, síbẹ̀ iná wọn ṣì ń tàn ní 5,000 kí wọ́n lè yí ipò táyà padà, kí wọ́n sì wo àwọn nǹkan yòókù.

Àgbà_Dẹ́rẹ́bà, 9:01

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi dá mi lójú pé synthetic ni ohun tó wà nínú ike tí mo rà létí títì? Ẹlòmíràn ń ṣa ike ọ́ìlì jọ láti tún dà á kún, gbogbo wa la mọ̀. Níbi tí mi ò bá ti mọ ẹni tó tà á, 3,000 mi ni mò ń ṣe.

ỌmọGate, 9:04

Lórí ìyẹn, mi ò lè bá yín jiyàn, sà.

Honda_Ìjẹ̀bú, 9:15

Ẹ̀yin ará, ẹ má gbàgbé àwa Honda. Accord 2006 ni tèmi, èyí tí wọ́n ń pè ní Discussion Continues. Tèmi kì í ka máìlì nìkan. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí àti bó ṣe ń gbóná, ó wá ń ṣírò iye tó kù fún ọ́ìlì, láti 100% sílẹ̀. Ohun tí Ẹlẹ́rọ ń wí nípa sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá ti di 15%, iná sípánà á tàn pẹ̀lú lẹ́tà: A ni pé kí n pààrọ̀ ọ́ìlì, B ni pé kí n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà kí wọ́n sì yẹ bíréèkì àti àwọn nǹkan yòókù wò. Bí nọ́ńbà bá tẹ̀ lé lẹ́tà, 1 ni yíyí ipò táyà, 2 ni fílítà afẹ́fẹ́, 3 ni ọ́ìlì gíá, 4 ni pílọ́ọ̀gì, 5 ni omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lójú.

Pípa rẹ̀: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ máa tẹ SEL/RESET títí ìdá ọ́ìlì á fi hàn. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á máa ṣẹ́jú. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, á padà sí 100%.

Ẹlẹ́rọ_Àkúrẹ́, 9:23

Ó dára. Kí ẹnikẹ́ni má kàn wá gbà pé Honda rí ọ́ìlì o. Ìṣirò lásán ni òun náà. Bí ọ́ìlì bá ń jò lábẹ́, á ṣì máa kọ 60% síbẹ̀.

Ọ̀dọ́_Ṣàgámù, 9:30

Mo fẹ́ kọ́ àwọn tó fẹ́ ra tọ́kunbọ̀ ní ọgbọ́n kan tó ná mi lówó. Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ rà, kò sí iná kankan tó ń tàn níwájú rẹ̀, inú mi dùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, rewáyà tú páànẹ́ẹ̀lì láti tún nǹkan mìíràn ṣe, ó pè mí kí n wá wò ó. Wọ́n ti lẹ téèpù dúdú bo iná mẹ́ta. MAINT REQD wà nínú wọn, Check Engine náà wà níbẹ̀, ti áyíbáàgì sì ni ẹ̀kẹta. Ẹni tó tà á fún mi ti pààrọ̀ fóònù.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON kí ẹ tó sanwó, ẹ má sítáàtì. Gbogbo iná yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí i pé àwọn wà láàyè. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹ béèrè ìdí.

Rewáyà_Mushin, 9:37

Ẹ tẹ èyí mọ́ra o. Wọ́n máa ń gbé irú iṣẹ́ téèpù yẹn wá bá mi pẹ̀lú owó gidi, mi ò ṣe é rí, mi ò ní ṣe é. Ẹ̀mí èèyàn wà nídìí iná áyíbáàgì.

ỌmọẸ̀gbá_Manchester, 10:02

Ẹ kú alẹ́ láti ìhà ibí. Vauxhall Corsa ni mò ń wà níbí. Tiwa máa ń kọ InSP síwájú tó bá tó àkókò sáfíìsì. Mọ́tò kékeré yìí ní àṣà tirẹ̀: mo tẹ bọ́tìnnì TRIP mọ́lẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa, mo fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, mo wá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, mo dúró títí ìlà mẹ́rin fi hàn. Ti ọ̀rẹ́ mi tó ní Ford Focus yàtọ̀ pátápátá, bíréèkì àti pẹ́dà tó ń mú mọ́tò sáré ló ń tẹ̀ pọ̀ títí ojú mọ́tò á fi sọ fún un pé ó ti parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ará ibí mọ̀ ni pé pípa iná fúnra ẹni kò kọ nǹkan kan sínú àkọsílẹ̀ sáfíìsì. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò púpọ̀ ti fi ìwé sílẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì àti ti fílítà, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹni tó fẹ́ rà á á béèrè.

Ọkùnrin_Ògbómọ̀ṣọ́, 10:19

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀ yín. Mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, tèmi náà tàn báyìí, ṣùgbọ́n pupa ni, ó rí bí ike ọ́ìlì tó ń kán. Àná ni mo ṣe sáfíìsì. Ṣé kí n tẹ ọ̀pá náà?

ỌmọGate, 10:20

PA Á. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì báyìí, ẹ má wà á débì kankan. Ìyẹn kì í ṣe iná ìránnilétí. Iná agbára ọ́ìlì ni, ọ́ìlì kò dé ibi tó yẹ kó dé nínú ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló tó láti fi jó o.

Rewáyà_Mushin, 10:21

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ẹ wà, ẹ tan iná ìkìlọ̀. Ẹ dúró kí ó tutù díẹ̀, ẹ yọ gééjì ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀, ẹ tún yọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ wo abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú.

Ọkùnrin_Ògbómọ̀ṣọ́, 10:38

Mo ti pa á. Ilé epo kan ni mo páàkì sí. Kò sí ọ́ìlì kankan lórí gééjì. Abẹ́ rẹ̀ ti rin gbindingbindin. Ọmọ ilé epo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń fa ọ́ìlì ti tú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

ỌmọGate, 10:44

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ béèrè. Wọn ò dì í le lánàá. Ẹ sùn síbẹ̀ tàbí kí ẹ wá ẹni tó máa fa mọ́tò. Láàárọ̀, kí wọ́n dì í, kí wọ́n fi wáṣà tuntun sí i, kí wọ́n da ọ́ìlì kún títí dé àmì òkè. Tí ẹ bá sítáàtì, tí ẹ gbọ́ ìró bí ẹni ń kan irin, ẹ pa á kíá, kí mẹkáníìkì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Màámi Àpáta, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ Ìlọrin lọ́la, ẹ wo abẹ́ mọ́tò yín, kí ẹ sì yọ gééjì wò, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Olùkọ́_Àpáta, Sọ́ńdè, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mi ò lè sùn lẹ́yìn ohun tí bọ̀dá Ògbómọ̀ṣọ́ kọ. Abẹ́ mọ́tò gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n gééjì yẹn, àmì méjì ló wà lára rẹ̀, ọ́ìlì kò sí láàárín wọn. Ó ti kọjá àmì òkè, ó tó ìbú ìka méjì. Ṣé kò dára kó pọ̀?

ỌmọGate, 6:52

Kò dára, mà. Ẹ rántí, ike líta mélòó ni wọ́n dà sí i?

Olùkọ́_Àpáta, 6:55

Ike ńlá kan, líta márùn-ún. Ó dà á tán pátá, ó ní kò yẹ kí ọ́ìlì mi ṣòfò.

ỌmọGate, 7:03

Ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì yín kò gbà ju nǹkan bíi líta mẹ́rin lọ. Tó bá pọ̀ jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú bí ẹni ń po ọṣẹ, á hó, ọ́ìlì tó bá hó kò sì lè dáàbò bo irin. Ó tún lè ti àwọn rọ́bà tó dí ojú ẹ́ńjìnnì jáde. Ẹ má lọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá súnmọ́ yín tó mọṣẹ́ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀, kó fa á sínú ike, kó dì í, kí ẹ wo gééjì. Kó máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí tí á fi wà ní àmì òkè gẹ́lẹ́. Ẹ dúró tì í títí yóò fi dì í le, ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná.

Bí ẹ bá lè dé Gate kí ó tó di aago mẹ́sàn-án, ẹ gbé e wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ọkùnrin_Ògbómọ̀ṣọ́, 11:15

Wọ́n ti dì í, wọ́n ti da ọ́ìlì tuntun sí i. Iná pupa ti kú lẹ́yìn tí mo sítáàtì, kò sí ìró kankan. Mẹkáníìkì ibí ní mo pa á lásìkò. Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín.

Olùkọ́_Àpáta, 6:30 ìrọ̀lẹ́

A ti dé Ìlọrin láyọ̀. Aládùúgbò mi kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ Màrúwá ṣe ló bá mi fa ọ́ìlì náà kù, líta kan ó dín díẹ̀ ló jáde, mo tọ́jú rẹ̀ sínú ike. Mo ti pa 136,400 rẹ́ lórí káàdì, mo kọ 134,500 sí i. Mo sì ti ra ìwé kékeré kan bíi ti Bàbá, ó wà nínú àpótí mọ́tò báyìí. Àkọ́bí mi ló kọ ojú ìwé àkọ́kọ́: ọjọ́ àná, 131,402, ọ́ìlì, fílítà.